Báwo ni Irvine Sellar, oníṣòwò aṣọ, ṣe di ẹni tó kọ́ ilé Shard ní London?

Ọmọ_Olówu

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìbéèrè mi lónìí dá lórí olóògbé Irvine Sellar, ọkùnrin tí ó wà nídìí ilé gogoro onígíláàsì tí wọ́n ń pè ní Shard lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó ọkọ̀ ojú irin London Bridge. Peckham ni èmi ń gbé, káńsù Southwark kan náà ni ó sì ń ṣàkóso àdúgbò wa àti ibi tí ilé náà wà, nítorí náà kò sí ọjọ́ tí ojú mi kì í kan ṣóńṣó rẹ̀ bí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́. Ó pẹ́ tí mo ti ń rò ó pé ẹ̀ńjíníà tàbí ọmọ olówó kan ni yóò wà nídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mo wá ka ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ni mo rí i pé aṣọ ni ó ń tà títí ó fi lé ní ogójì ọdún, pé iléeṣẹ́ tí ó kọ́kọ́ fi ṣòwò ilé àti ilẹ̀ wó lulẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àti pé àwọn ará Qatar ni wọ́n ni èyí tó pọ̀ jù nínú Shard.

Ohun tí ó rú mi lójú nìyí: bí kì í bá ṣe òun ni ó ya àwòrán ilé náà, tí kì í ṣe òun ni ó po kọnkéré, tí kì í sì í ṣe owó rẹ̀ ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, kí ni òun fúnra rẹ̀ ṣe tí gbogbo ènìyàn fi gbà pé òun ni ó kọ́ ọ? Àbúrò mi ọkùnrin ni ó jẹ́ kí n máa béèrè. Ó fẹ́ fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ kí ó lọ di ẹni tí wọ́n ń pè ní developer, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé owó nìkan ni ó kù kí ọwọ́ òun tẹ̀. N kò fẹ́ kó ìrẹ̀wẹ̀sì bá a, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ó mọ bí ẹrù náà ṣe wúwo tó kí ó tó gbé e rù.

Aṣírò_Owó_Ilé

Ọmọ Olówu, ẹ kú ìbéèrè, ẹ sì kú àníyàn àbúrò yín. Ṣíṣírò iye tí ilé yóò náni ni iṣẹ́ tí mo ń ṣe jẹun, ó sì ti lé ní ogún ọdún báyìí, nítorí náà ojú owó ni n ó fi wo ọ̀rọ̀ yìí; àwọn tí wọ́n mọ apá yòókù yóò bá mi fi kún un.

Ọdún 1934 ni wọ́n bí Sellar, ní àríwá London. Ní àwọn ọdún 1960, nígbà tí Carnaby Street jẹ́ ibi tí àwọn ọ̀dọ́ Britain ń wò kí wọ́n tó mọ irú aṣọ tí ó lòde, ó ní ilé ìtajà kan níbẹ̀ tí ń jẹ́ Mates, ó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé aṣọ ọkùnrin àti aṣọ obìnrin kọ́ sínú ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo. Òwò náà gbilẹ̀ títí ó fi ní ẹ̀ka káàkiri orílẹ̀-èdè náà, ó sì tà á ní ọdún 1981. Àwọn tó ń sọ ìtàn rẹ̀ sábà máa ń fo apá yìí kọjá bí ẹni pé eré ìgbà èwe ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ní ṣọ́ọ̀bù púpọ̀ kò lè ṣe kí ó má bá onílé púpọ̀ dúnàádúrà. Ó gbọ́dọ̀ mọ apá òpópónà tí ẹsẹ̀ ènìyàn ti ń pọ̀ jù, ó gbọ́dọ̀ mọ iye owó ilé tí ọjà tí ó ń tà lè gbé, ó sì gbọ́dọ̀ fura sí àdúgbò tí ó fẹ́ gbérí kí àwọn onílé ibẹ̀ tó mọ̀. Ìmọ̀ nípa ibi tí ẹsẹ̀ ènìyàn ń gbà kọjá yìí ni mo gbà pé ó wá fi ra ilẹ̀ nígbà tó yá.

Iléeṣẹ́ tí ó fi wọ òwò ilé ńláńlá ní àwọn ọdún 1980 ni Ford Sellar Morris. Ìgbà náà dùn fún irú òwò bẹ́ẹ̀ ní Britain, nítorí owó ọ́fíìsì ń lọ sókè, àwọn báńkì sì ń yáni lówó tayọ̀tayọ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹwàá ọdún 1989, èlé ìpìlẹ̀ ní Britain, èyí tí àwọn báńkì ń wò kí wọ́n tó dá èlé tiwọn, gòkè dé 15 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ọdún kan gbáko. Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ tí mo gbé kalẹ̀ fúnra mi ṣàlàyé ohun tí irú èlé bẹ́ẹ̀ ń fojú ẹni rí.

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ẹnì kan fẹ́ kọ́ ilé ọ́fíìsì tí yóò máa mú mílíọ̀nù 10 pọ́n-ùn wọlé lọ́dún, tí ilẹ̀ àti ìkọ́lé rẹ̀ yóò sì ná an ní mílíọ̀nù 150. Bí ó bá tẹ́ àwọn tí ń ra irú ilé bẹ́ẹ̀ lọ́rùn pé kí owó wọn máa mú 5 nínú ọgọ́rùn-ún wá lọ́dọọdún, mílíọ̀nù 200 ni wọn yóò rà á, èrè mílíọ̀nù 50 sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọjà bá le, tí àwọn olùrà wá ń béèrè 6 dípò 5, ilé kan náà, pẹ̀lú ayálégbé kan náà, kò ní tà ju nǹkan bí mílíọ̀nù 167 lọ. Bíríkì kan kò já, síbẹ̀ mílíọ̀nù 33 ti dàwátì. Bí mílíọ̀nù 150 tí ó fi kọ́ ọ bá wá jẹ́ owó ẹ̀yáwó, tí èlé rẹ̀ sì jẹ́ 15 nínú ọgọ́rùn-ún, mílíọ̀nù 22 àti ààbọ̀ ni èlé nìkan yóò jẹ lọ́dún kan. Kí ọdún náà tó yípo, èrè tó kù yóò ti tán, gbèsè yóò sì ti bẹ̀rẹ̀. Irú ìjì yìí ni ó gbé Ford Sellar Morris lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, bẹ́ẹ̀ ni ó gbé àwọn tí wọ́n tóbi jù ú lọ fíìfíì: Olympia & York, iléeṣẹ́ ará Kánádà tí ń kọ́ àdúgbò ọ́fíìsì Canary Wharf ní London, ṣubú nínú ìjì kan náà ní 1992. Sellar ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún nígbà náà.

Ohun tí ó ṣe lẹ́yìn ìṣubú yẹn ni ó dáhùn ìbéèrè yín. Ní 1998, òun àti àwọn alájọṣe rẹ̀ ra Southwark Towers, ilé ọ́fíìsì alájà 24 tí wọ́n kọ́ ní àwọn ọdún 1970 sẹ́gbẹ̀ẹ́ London Bridge, tí iléeṣẹ́ PricewaterhouseCoopers ń lò. Ilé tí ń mú owó wọlé déédéé ni, ẹlòmíràn ì bá jókòó tì í kí ó máa gba owó ilé. Àkókò yẹn gan-an sì ni ìjọba Britain ń tẹnu mọ́ ọn pé ibi tí ọkọ̀ ojú irin àti bọ́ọ̀sì ti pàdé ni kí wọ́n máa kọ́ ilé tí ó gba èrò púpọ̀ sí, kí ìlú má baà máa fẹ̀ wọ inú oko. Sellar rí i pé ohun tí òun ní lọ́wọ́ ju ilé ọ́fíìsì àtijọ́ kan lọ: òun ní ilẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ọ̀kan nínú àwọn ibùdó ọkọ̀ tí èrò ń wọ́ lọ wọ́ bọ̀ jù lọ ní London.

Ní ọdún 2000, ó lọ bá Renzo Piano, ayàwòrán ilé ọmọ Ítálì, ní Berlin, wọ́n sì jọ jẹun. Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń sọ ìtàn náà, Piano kọ́kọ́ sọ fún un pé òun kò fẹ́ràn ilé gogoro, kó tó wá yí ìwé tí wọ́n kọ orúkọ oúnjẹ sí padà, tí ó sì ya ohun kan tó rí bí òpó ọkọ̀ ojú omi, tó yọ sókè láti inú odò Thames, sí ẹ̀yìn rẹ̀. Lójú tèmi, yíyàn tí Sellar yan Piano ṣe pàtàkì bí owó ti ṣe pàtàkì. Kò sẹ́ni tí yóò gbà kí ènìyàn gbé ilé lásán tó ga ju 300 mítà lọ dúró sí àárín ìlú tí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àtijọ́ St Paul's wà, nítorí náà ọwọ́ Piano jẹ́ ara ẹjọ́ tí ó fẹ́ lọ rò.

Bí ẹ bá wá bi mí pé kí ni ó ṣe gan-an, n ó ní ó so nǹkan mẹ́rin pọ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò fẹ́ kọ́kọ́ wá: ilẹ̀, ìwé àṣẹ, ayálégbé àti owó. Báńkì fẹ́ rí ayálégbé kí ó tó yáni lówó, ayálégbé fẹ́ rí ìwé àṣẹ kí ó tó fọwọ́ sí àdéhùn, àwọn tí ń fúnni ní ìwé àṣẹ fẹ́ rí ẹni tí yóò lè parí iṣẹ́, èlé ilẹ̀ tí a ti rà sì ń gun orí ara wọn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń wo ojú ara wọn. Ẹni tí yóò máa ti ọ̀dọ̀ èyí lọ sọ́dọ̀ ìyẹn fún ọdún méjìlá láìjẹ́ kí ọ̀kan jábọ́ ni à ń pè ní developer. Iṣẹ́ náà nìyẹn.

Ìyá_Ìbejì_SE1

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ọ̀gá Aṣírò. Ó dùn mọ́ mi pé ẹ gbé ìṣirò náà kalẹ̀ kí ó yé tàgbà tèwe. Ibi ìwé àṣẹ ni mo fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé inú ọ́fíìsì kan ní kọ̀rọ̀ ni wọ́n ti fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ náà di àríyànjiyàn gbogbo ìlú. Káńsù Southwark fara mọ́ ọn, Ken Livingstone tó jẹ́ olórí ìlú London nígbà náà sì ti í lẹ́yìn, ṣùgbọ́n English Heritage, àjọ tí ń dáàbò bo àwọn ilé àtijọ́, takò ó, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn tí ń tọ́jú Tower of London. Wọ́n ní yóò ba ojú St Paul's jẹ́ fún ẹni tó bá ń wò ó láti orí àwọn òkè àríwá London, English Heritage sì fi ilé náà wé àfọ́kù gíláàsì tó gún London àtijọ́ lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi bú u yẹn gan-an ni ó di orúkọ rẹ̀, nítorí bí a bá ń sọ Yorùbá, àfọ́kù ìgò tàbí àpáàdì ni shard. Ìjọba gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ káńsù, wọ́n ṣe ìwádìí gbangba lé e lórí ní 2003, John Prescott tó jẹ́ igbákejì olórí ìjọba sì fọwọ́ sí i ní oṣù kọkànlá ọdún náà. Ẹ kà á: ó lé ní ọdún mẹ́ta sí ọjọ́ tí wọ́n jẹun ní Berlin, wọn kò sì tíì fi ṣọ́bìrì kan ilẹ̀.

Mo ti ń gbé Southwark kí wọ́n tó ronú ilé yìí rárá, mo sì ní láti sọ ohun tí ó wà lọ́kàn mi. Ilé tó ga tó 309 mítà lé díẹ̀, tí ènìyàn lè lo àjà 72 nínú rẹ̀, ilé gbígbé 10 péré ni ó wà níbẹ̀, àwọn yẹn kì í sì í ṣe fún irú wa. Ọ́fíìsì, ilé oúnjẹ, hòtẹ́ẹ̀lì àti ibi ìwòran ni ìyókù. N kò sọ pé Sellar rú òfin kankan. Ohun tí ìwé àṣẹ gbà fún un ni ó kọ́. Ṣùgbọ́n bí àbúrò Ọmọ Olówu bá fẹ́ wọ iṣẹ́ yìí, ó yẹ kí ó mọ̀ pé àwọn ènìyàn tí yóò máa gbé nínú òjìji ilé rẹ̀ náà wà nínú ọ̀rọ̀ náà, bí wọn kò tilẹ̀ sí nínú ìṣirò.

Mo tún fẹ́ kí ó fi ìgbésí ayé Sellar wé ti ẹlòmíràn tó ṣe irú iṣẹ́ kan náà ṣáájú rẹ̀, Harry Hyams, ẹni tó kọ́ Centre Point sí igun tí Oxford Street ti pàdé Tottenham Court Road. Ìjọba London nígbà náà ń wá ilẹ̀ tí wọ́n yóò fi la oríta tuntun. Hyams ra àwọn ilẹ̀ tó wà níbẹ̀ jọ, ó fi wọ́n lé ìjọba náà lọ́wọ́, wọ́n gbà kí ó kọ́ ilé tó ga ju bí wọ́n ṣe máa ń gbà lọ, wọ́n sì fún un ní ilẹ̀ náà ní àdéhùn ọlọ́jọ́ gbọọrọ tí owó rẹ̀ kéré tí kò sì ń yí padà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1964, ìjọba fòfin de kíkọ́ ọ́fíìsì tuntun ní London. Ilé ti Hyams ti ń gòkè ní tirẹ̀. Nígbà tí ó parí ní 1966, ọ́fíìsì ti wọ́n bí ojú, iye tí ilé náà tó sì ń lọ sókè lọ́dọọdún. Hyams ní ayálégbé kan ṣoṣo ni òun fẹ́ fún gbogbo ilé náà, ilé alájà 34 sì ṣófo fún ọ̀pọ̀ ọdún láàárín ìlú tí àwọn kan ń sùn sí ẹsẹ̀ ògiri. Ẹgbẹ́ aláàánú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1969 láti máa ran àwọn ọ̀dọ́ tí kò nílé lọ́wọ́ ń jẹ́ Centrepoint títí dòní, ní oṣù kìíní 1974 sì ni àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ilé gbígbé wọ inú ilé náà, tí wọ́n sì gbà á fún òpin ọ̀sẹ̀ kan kí gbogbo ayé lè rí i.

Ohun tí mo rí nínú ìtàn àwọn méjèèjì ni pé ọ̀rọ̀ ẹni tó lè dúró ni. Gbèsè Hyams kò fún un lọ́rùn, ilẹ̀ rẹ̀ kò wọ́n, ó sì lè fi ilé tó ṣófo sílẹ̀ kí ó máa lówó lórí sí i. Ní 1990, Sellar kò lè dúró rárá.

Ọmọ_Olówu

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun púpọ̀, mà. Ọ̀gá Aṣírò, ẹ ṣeun, sà. N kò mọ̀ pé ilé tó ṣófo lè sọ ẹnì kan di olówó, ọ̀rọ̀ yẹn sì dùn mí wọ ọkàn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n béèrè ohun kan sí i. Nínú àṣà tí wọ́n fi tọ́ wa, ẹni tí gbèsè bá wó ilé rẹ̀ kì í tètè rí ẹni yá a lówó mọ́. Àwọn ará ilé rẹ̀ pàápàá yóò máa sá fún un. Báwo ni ẹni tí iléeṣẹ́ rẹ̀ wó ní 1992 tàbí ìgbà náà ṣe tún rí owó ra ilé alájà 24 kí ọdún mẹ́wàá tó pé? Báwo ni ó sì ṣe rí owó kọ́ Shard ní 2009, nígbà tí gbogbo báńkì ayé ń mì?

Lọ́yà_Bódìjà

Ẹ̀gbọ́n mi Ọmọ Olówu, ẹ jẹ́ kí n mú èyí tó kan òfin. Ní Britain, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa ní Nàìjíríà tí a ti jogún òfin náà, ènìyàn lọ́tọ̀ ni iléeṣẹ́ jẹ́ lójú òfin. Gbèsè tí iléeṣẹ́ bá jẹ kò kan ilé tí olórí rẹ̀ ń gbé, àyàfi bí òun fúnra rẹ̀ bá ti fọwọ́ sìwé pé òun dúró fún un. Nítorí náà iléeṣẹ́ lè kú kí ẹni tó dá a sílẹ̀ yè, kí ó sì tún dá òmíràn sílẹ̀. Èyí kò sọ pé àwọn báńkì gbàgbé. Ohun tí wọ́n ń wò nígbà tí wọ́n bá fẹ́ yá ni lówó ra ilé bíi Southwark Towers ni ẹni tó ń san owó ilé níbẹ̀, ọdún mélòó ni àdéhùn rẹ̀ kù, àti iye tí wọn yóò rí bí wọ́n bá ní láti gba ilé náà kí wọ́n sì tà á. Ayálégbé tó lórúkọ bíi PricewaterhouseCoopers ni ó gba ọ̀rọ̀ sọ, Sellar sì ní àwọn alájọṣe tí wọ́n jọ pín ẹrù náà.

Ayálégbé kan náà tó jẹ́ ọ̀ṣọ́ ilé ní 1998 sì wá di ìdènà lẹ́yìn 2003. Ẹ kò lè wó ilé tí ayálégbé ní àdéhùn nínú rẹ̀. Ìwé àṣẹ ìkọ́lé wà lọ́wọ́ Sellar, ṣùgbọ́n ó ní láti bá wọn dúnàádúrà kí wọ́n tó kó jáde, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ilé náà palẹ̀. Ní tèmi o, nínú gbogbo iṣẹ́ ilẹ̀ tí mo ti ṣe, ibi tí àwọn oníbàárà mi ti máa ń kọsẹ̀ jù lọ nìyí: wọn yóò ra ilẹ̀, wọn yóò gba ìwé, wọn yóò wá gbàgbé pé ẹnì kan ń bẹ nínú ilé.

Aṣírò_Owó_Ilé

Lọ́yà ti sọ òdodo ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n wá mú ti owó ọdún 2008, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì nípa dídúró ti wá ṣẹ.

Àwọn alájọṣe tí Sellar kọ́kọ́ ní kò lè bá a dé òpin ọ̀nà. Ní oṣù kìíní 2008, àwọn olùdókòwò láti Qatar wọlé, wọ́n san mílíọ̀nù 150 pọ́n-ùn, wọ́n sì gba ìpín 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí a bá fi ojú ìmọtara-ẹni wò ó, ẹni tó ti ru ẹrù náà fún ọdún mẹ́wàá ni ó fi èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó rà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, báńkì Lehman Brothers wó ní Amẹ́ríkà, ẹ̀yáwó sì gbẹ káàkiri London. British Land, iléeṣẹ́ ńlá kan tó ń ṣe irú òwò kan náà, dá iṣẹ́ ilé gogoro Leadenhall tí wọ́n fẹ́ kọ́ ní London dúró, ilẹ̀ náà sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún díẹ̀. Ní 2009, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní London Bridge, nítorí owó Qatar kò ti ọ̀dọ̀ báńkì tó ń gbọ̀n wá. Bí ó bá jẹ́ pé owó báńkì ni Sellar gbójú lé lọ́dún náà, ìtàn 1990 ni à bá tún máa sọ. Ẹni tó ti jìn sí kòtò náà rí ni, ó sì mọ bí ó ṣe jìn tó.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ilé náà tilẹ̀ fi hàn pé àkókò ni wọ́n ń bá jà. Mace ni agbaṣẹ́ṣe rẹ̀. Dípò kí wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́ àjà ìsàlẹ̀ ilẹ̀ tán kí wọ́n tó máa gòkè, ṣe ni wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ lọ sísàlẹ̀ nígbà tí ọwọ̀n kọnkéré àárín ilé náà ń lọ sókè lẹ́ẹ̀kan náà, kí oṣù díẹ̀ lè dín kù. Ẹ rántí mílíọ̀nù 22 àti ààbọ̀ tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ, ẹ ó rí ìdí tí oṣù mẹ́rin fi tó nǹkan tí ènìyàn ń torí rẹ̀ yí ọ̀nà ìkọ́lé padà.

Ọjọ́ 5 oṣù keje 2012 ni wọ́n ṣí i, ibi ìwòran sì gba àlejò ní oṣù kejì 2013, hòtẹ́ẹ̀lì Shangri-La ní 2014. Àwọn ọ́fíìsì kò tètè kún, ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn sì fi ń ṣe ẹlẹ́yà nígbà náà. Ẹni tó jẹ gbèsè ì bá ti fi ọ́fíìsì náà ta ọ̀pọ̀. Àwọn Qatar lè dúró, wọ́n sì dúró títí àwọn ayálégbé fi wá. Lónìí, ìpín 95 nínú ọgọ́rùn-ún wà lọ́wọ́ Qatar, 5 sì wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ Sellar. Nítorí náà, Ọmọ Olówu, kò ta ko ara wọn pé òun ni ó kọ́ ọ àti pé àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n ni ín. Ìpín tí ó fi sílẹ̀ ni owó tí ó fi ra àsìkò.

Ìyá_Ìbejì_SE1

Ó ku ẹyọ kan tí n kò fẹ́ kí a gbàgbé, nítorí ó kọjá ọgọ́rin ọdún nígbà tí ó ṣe é. Lẹ́yìn Shard, Sellar àti Piano tún gbé àwòrán ilé alájà 72 kalẹ̀ fún Paddington, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó ọkọ̀ ojú irin bákan náà. Àwọn ará àdúgbò àti àwọn olùfẹ́ ilé àtijọ́ figbe ta. Lọ́tẹ̀ yìí kò bá wọn fa á títí di ìwádìí gbangba. Wọ́n fà á sẹ́yìn ní oṣù kìíní 2016, wọ́n padà wá pẹ̀lú ilé tó kúrú gan-an, tí ó ní igun mẹ́rin, káńsù Westminster sì fọwọ́ sí i ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Oṣù méjì péré lẹ́yìn ìyẹn, ní oṣù kejì 2017, Sellar kú ní ọmọ ọdún 82. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, James, ni ó gba iṣẹ́ náà, ilé náà sì ti dúró níbẹ̀ báyìí.

Mo mẹ́nu bà á nítorí mo gbà pé ó gbọ́ ohun tí àwọn ènìyàn Paddington ń sọ, ó sì ṣẹ́ gíga ilé náà kù. Mo ti bá ilé rẹ̀ wíjọ́ nínú ọ̀rọ̀ mi àkọ́kọ́, ó sì yẹ kí n sọ èyí pẹ̀lú.

Ọmọ_Olówu

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà mi, Olúwa kò ní jẹ́ kí ìmọ̀ yín gbẹ. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ti fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi. Èsì tí ó kọ́kọ́ fọ̀ ni pé òun kò ní mílíọ̀nù 150, mo sì dá a lóhùn pé kì í ṣe ibẹ̀ ni Sellar ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú ni yóò wá sọ́dọ̀ mi, yóò sì sùn mọ́jú. Bí ó bá di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, a ó jọ lọ sí London Bridge kí agogo mẹ́jọ tó lù, a ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, a ó sì wo àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe ń jáde láti inú ọkọ̀: ibi tí wọ́n ń gbà, ẹ̀gbẹ́ òpópónà tí wọ́n ń kọjá sí, àti ibi tí ẹsẹ̀ wọn ti ń fà díẹ̀ kí wọ́n tó máa lọ.